Kẹ̀kẹ́ Eré Ìje ní Ìsàlẹ̀ Òsì

Kẹ̀kẹ́ Raleigh tí àwọn bàbá wa gùn wúwo bí ọlọ. Kòtò Bẹẹrẹ n'Ìbàdàn kò tó o mú. Kẹ̀kẹ́ eré ìje òde òní, tí táyà rẹ̀ tín-ín-rín, òkè Màpó ni yóò kọ́kọ́ bi í léèrè ohun tó wá ṣe. Láti 1929 ni gbọ̀ngàn orí òkè náà ti ń wo ẹni tó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Bí ẹ bá fẹ́ ra ọ̀kan, oníṣòwò tòkunbọ̀ á búra pé àná ni kẹ̀kẹ́ náà dé láti London. Ṣéènì tó ti dógùn-ún á ní irọ́ ni. Ẹ fi ọ̀dà tó ń dán sílẹ̀, ẹnu túúbù ni kí ẹ wò. Tẹ́ẹ́rẹ́ ni, pọ́ǹpù fọkanáísà Ọjà'ba kì í sábà bá a mu. Bí táyà bá jò, ẹ ó máa fi èjìká gbé kẹ̀kẹ́ kọjá ní Bẹyẹrúnká, kí ọmọdé máa bèèrè pé, “Bàbá, ta ló ń gun ta?”

Ṣọ́ọ̀bù tó bá ní pọ́ǹpù tó bá ẹnu túúbù náà mu nílẹ̀ ni kí ẹ náwó fún.