Èèwọ̀ Mẹ́rin, Ìkòkò Kan

Ẹ̀yin ará Ahoyéyé, ẹ̀yin ará Pobè, ẹ̀yin ti Sakété, ẹ dákun, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Èmi ni baálé ilé, èmi ni mò ń sanwó ọbẹ̀, ṣùgbọ́n nílé mi lónìí, ẹran rírà ti le ju owó orí sísan lọ. Kì í ṣe pé owó kò sí rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò pọ̀. Ẹjọ́ mi ni pé gbogbo ará ilé ló mọ ẹran tí àwọn kì í jẹ, kò sì sí ẹnì kan ṣoṣo tó lè dárúkọ ẹran tí a lè jọ jẹ.

Ẹ jẹ́ kí n tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ. Ìyá mi, ilé Ọya ni wọ́n ti wá. Àgùntàn kò gbọdọ̀ kàn wọ́n lẹ́nu, ìbáà ṣe akọ, ìbáà ṣe abo. Kódà ṣíbí tí a fi ro ọbẹ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ ọbẹ̀ tiwọn. Ìyàwó mi, ọmọ ìjọ Sẹ̀lẹ́ (Celestial) ni. Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí náà ni Wòlíì Oshoffa ti dá ìjọ yẹn sílẹ̀ ní 1947, nítorí náà kò sí ẹni tó lè sọ ní agbègbè wa pé òun kò gbọ́ òfin wọn rí: kò sí ẹlẹ́dẹ̀, kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sí ọtí, kò sí tábà. Àbúrò mi ọkùnrin tó ń gbé lọ́dọ̀ wa, mùsùlùmí òdodo ni. Ẹran tí wọn kò bá fi Bísímílà dúńbú, òkúǹbete ni lójú rẹ̀. Ó wá ku èmi. Èmi kò ní òrìṣà tó dí mi lẹ́nu, n kò sì ní ìjọ tó ká mi lọ́wọ́ kò. Ẹnì kan ṣì kù nílé tó lè jẹ ohun tó bá wù ú. Ni dókítà bá fi rọ́bà dè mí lápá, ó fún un, ó tú u, ó mi orí, ó ní ẹ̀jẹ̀ mi ń ru. Iyọ̀ di èèwọ̀. Ọ̀rá ẹran di èèwọ̀. Bí dókítà ṣe dá òrìṣà tuntun sílẹ̀ nílé mi nìyẹn, èmi nìkan sì ni àwòrò rẹ̀.

Àwọn kan ní kí a máa se ìkòkò mẹ́rin. Mo bi wọ́n pé ta ni yóò máa ra gáàsì. Wọ́n dákẹ́.

Àwọn mìíràn ní, "Bàbá, ẹ ra adìyẹ ìbílẹ̀, kí ẹ pa á nílé, kí gbogbo yín sinmi." Ọ̀rọ̀ gidi ni. Àbúrò mi yóò dúńbú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò lọ sílẹ̀, Màmá kò ní wí nǹkan kan, èmi náà yóò jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ láìfi iyọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ ti béèrè iye tí wọ́n ń pe adìyẹ ìbílẹ̀ lọ́jọ́ ọjà Pobè? Adìyẹ tí wọ́n pa nílẹ̀ Yúróòpù, tí wọ́n fi yìnyín dì, tó wọ ọkọ̀ ojú omi, tó sọ̀ ní èbúté Kútọnu, tó tún wọ mọ́tò dé ọ̀dọ̀ wa, owó rẹ̀ kéré sí ti èyí tó ń ta ilẹ̀ lẹ́yìnkùlé mi tí kò wọ mọ́tò rí. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Igbáàyà ni àwọn ará ọ̀hún fẹ́ràn, orí igbáàyà ni oníṣòwò wọn ti rí owó rẹ̀ gbà. Itan, apá, ọrùn àti ìdí tó ṣẹ́ kù, iye yòówù kí a san lé e, èrè ni fún un.

Ìdí tòlótòló ni kí ẹ wá gbọ́ tirẹ̀. Ọ̀rá ibẹ̀ pọ̀ débi pé Gánà fòfin dè é ní àwọn ọdún 1990, àwọn ará erékùṣù Samoa náà sì lé e wọgbó ní 2007. Níbí ńkọ́? Òun ni wọ́n fi ń ṣàpọ́nlé àlejò. Bí mo bá dé òde ìnáwó, tí mo ní dókítà ti kìlọ̀ fún mi nípa ọ̀rá, ìdí tòlótòló náà ni wọn yóò gbé síwájú mi: "Bàbá, ẹ fi èyí fọwọ́, kò le, kò ní dà yín láàmú."

Ká má purọ́, adìyẹ yìnyín wọ̀nyí kò fi bẹ́ẹ̀ wá torí wa. Ó ti lé ní ogún ọdún tí Nàìjíríà ti fòfin dè é pé kò gbọdọ̀ wọ ilẹ̀ òun, ìyẹn ló fi jẹ́ pé Kútọnu ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ń sọ̀ sí, kó tó di pé wọ́n fi fàyàwọ́ kó o kọjá. Nàìjíríà ti ẹnubodè rẹ̀ pa ní oṣù kẹjọ 2019, ti Ìdíroko kò sì ṣí padà títí di 2022, síbẹ̀ ọ̀nà Ìgólò níhà tiwa mọ páálí adìyẹ ju bí ó ṣe mọ èmi lọ. Ẹni tí ẹrù ẹlẹ́rù ń gba iwájú ilé rẹ̀ kọjá, tí díẹ̀ já bọ́ fún un níbẹ̀, ta ni yóò dúró bi í pé kí ni èèwọ̀ ìdílé rẹ̀?

Mo lọ bá ìyá tó ń ta ẹran yìnyín. Inú fírígò ńlá wọn kún fún ẹran gbígé tó pupa rẹ́súrẹ́sú. Mo kí wọn, mo béèrè.

"Ìyá, ẹ kú ọjà. Ẹran kí lèyí?"

"Ẹran ni, Bàbá."

"Mo mọ̀ pé ẹran ni. Ẹran kí?"

"Ẹran Kútọnu."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹranko wo ló ń jẹ́ Kútọnu? Ṣé ó ń jẹ àpọ̀jẹ ni? Ṣé pátákò rẹ̀ là? Ta ló dúńbú rẹ̀? Mo ní kí wọ́n fi páálí tí ó bá wá hàn mí. Wọ́n ní páálí wà níbẹ̀. Níbo? Wọ́n fọwọ́ gbá abẹ́ ara wọn: orí rẹ̀ ni wọ́n jókòó sí. Mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n dìde, wọ́n ń kùn pé kí ni bàbá yìí fẹ́ fi páálí ṣe, ṣé páálí ni yóò sè ni. Mo tẹ̀ba, mo ń kà á. Omi yìnyín ti jẹ ìdajì ọ̀rọ̀ ibẹ̀. Èyí tó kù, èdè kan tí kì í ṣe Faransé tí kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Ohun kan ṣoṣo tí mo rí kà yé ni -18, ìyẹn bí òtútù ibi tí wọ́n tọ́jú ẹran náà sí ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó. Mo wo fírígò. Iná ti lọ láti àárọ̀. Omi ń kán tó, tó, tó sílẹ̀. Ìyá náà rọ ẹran sínú ọ̀rá dúdú, wọ́n ní, "Bàbá, ẹ mú un bẹ́ẹ̀, ẹran gbogbo ayé ni."

Gbogbo ayé, àfi ilé mi.

Nígbà tó yá, ọmọ mi obìnrin tó wà ní Kútọnu ní kí n má da ara mi láàmú mọ́, pé ní àwọn ilé ìtajà ńlá tó ní ilẹ̀kùn gíláàsì, gbogbo ẹran ló ní ìwé lára. Mo lọ. Òótọ́ ni, ìwé wà lára gbogbo wọn. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà mi ti wá bẹ̀rẹ̀.

Mo gbé sọ̀sísì kan. Àwòrán adìyẹ wà níwájú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n kọ "volaille" gàdàgbà sí i, ìyẹn ẹran ẹyẹ. Mo yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà, mo wọ awò ojú, mo gbé e sún mọ́ iná. Nínú àwọn lẹ́tà wínníwínní tó wà níbẹ̀ ni mo ti bá "gras de porc". Ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀! Adìyẹ ló jókòó síwájú ilé, ẹlẹ́dẹ̀ ló sùn sí yàrá. Ìyàwó mi kò lè jẹ ẹ́, àbúrò mi kò lè jẹ ẹ́. Mo dá a padà.

Mo mú èkejì, mẹ́gẹ́ẹ̀sì tí àwọn ará Àríwá Áfíríkà ń ṣe. Màlúù pọ́nńbélé ni, wọ́n sì lu òǹtẹ̀ halal mọ́ ọn. Inú mi dùn. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi WhatsApp ránṣẹ́ sílé. Àbúrò mi ló kọ́kọ́ fèsì: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ka apá ìsàlẹ̀." Mo kà á. "Boyau de mouton." Wọ́n lọ ẹran màlúù, wọ́n wá rọ ọ́ sínú ìfun àgùntàn. Màmá gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ń pariwo: "Kí ló dé tí màlúù fi wọ aṣọ àgùntàn?" Mo gbọ́ ohùn ìyàwó mi lẹ́yìn: "Màmá, ìkookò ni Bíbélì mà ní ó ń wọ̀ ọ́ o." Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Èmi tí mo dúró síwájú fírígò ní Kútọnu, òtútù ń mú mi, n kò rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀kẹta, tòlótòló ni, kò sí ẹlẹ́dẹ̀, kò sí àgùntàn, òǹtẹ̀ halal wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó pupa ju bó ṣe yẹ kí ẹran ẹyẹ pupa lọ. Mo wá ìdí rẹ̀, mo bá E120. Àwọ̀ tí wọ́n ń yọ lára kòkòrò kan ni E120. Mo fi ránṣẹ́ sí àbúrò mi. Ó ní kí n fún òun láyè, òun fẹ́ bi áfáà. Áfáà ní kí ó fún òun náà láyè. Kí wọ́n tó fún ara wọn láyè tán, mo ti rí i pé iyọ̀ rẹ̀ jẹ́ gíráàmù méjì nínú ọgọ́rùn-ún gíráàmù. Àjọ Ìlera Àgbáyé, tí àwa ń pè ní OMS níbí, ní kí àgbàlagbà má jẹ tó gíráàmù márùn-ún iyọ̀ lójúmọ́, nínú gbogbo oúnjẹ rẹ̀ pátá. Bí mo bá jẹ sọ̀sísì mẹ́ta láàárọ̀, kí n wá fi omi lásán jẹ ẹ̀kọ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú nìyẹn. Àwọn mìíràn tilẹ̀ gbọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ: wọn kì í kọ iyọ̀, sodium ni wọ́n ń kọ, kí ó lè dà bíi pé ó kéré. Ẹ fi méjì ààbọ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, iyọ̀ gan-an yóò jáde síta.

Mo wo ẹran màlúù inú agolo: iyọ̀. Mo wo èyí tí wọ́n ń fi sáàárín búrẹ́dì: E471, tó lè wá láti ara ẹran, tó sì lè wá láti ara epo igi, wọn kò sì sọ èwo ni. Mo wo èyí tó rọjú jù lọ, mo ka "viande séparée mécaniquement". Ẹ mọ ìtumọ̀ rẹ̀? Egungun tí wọ́n ti gé ẹran ara rẹ̀ tán ni wọ́n ń kó sínú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á tẹ̀ ẹ́ mọ́ asẹ́, ohun tó bá ṣẹ́ kù lára rẹ̀ á jáde múlọ́múlọ́ bí ògì. Òun ni wọ́n wá ń ya àwòrán adìyẹ sí lára.

Ọ̀rọ̀ eléyìí kò sì mọ sórí èèwọ̀ nìkan. Ní 2015, ẹ̀ka àjọ OMS tó ń rí sí jẹjẹrẹ kéde pé ẹran tí wọ́n fi iyọ̀ tàbí èéfín tàbí kẹ́míkà tọ́jú wà lára ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ. Wọ́n ní ẹni tó bá ń jẹ 50 gíráàmù rẹ̀ lójoojúmọ́, ewu jẹjẹrẹ ìfun ńlá fi 18 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i fún un. Ó jọ pé Màmá, Wòlíì, áfáà àti dókítà ti pàdé níbì kan láìsọ fún mi.

Mo padà sílé lọ́wọ́ òfo. A bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ wàrà Fúlàní. Kò sí ẹlẹ́dẹ̀ nínú rẹ̀, kò sí àgùntàn, ẹnikẹ́ni kò dúńbú rẹ̀, iyọ̀ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ẹni tó ń sè é. Wàrà yege lọ́dọ̀ gbogbo wa. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ti ń bi mí bóyá a ti fẹ́ kó lọ sí gáà, àlejò tó bá sì dé, á ṣí ìkòkò wò, á pa á dé, á ní òun ti jẹun kí òun tó kúrò nílé.

Àwọn tó bá wá ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, tí wọ́n ní èèwọ̀ ilé wa ti pọ̀ jù, kí a jù ú nù, mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ èsì mi. Èèwọ̀ kọ́ ló dá wàhálà yìí sílẹ̀. Bàbá mi fẹ́ ìyá mi pẹ̀lú èèwọ̀ rẹ̀, wọ́n bí wa, wọ́n fi ẹran tọ́ wa dàgbà, kò sì sí ẹni tó sunkún. Ìdí ni pé nígbà náà, ẹran tí alápatà ń tà, a rí orí rẹ̀ lórí tábìlì, a rí awọ rẹ̀ nílẹ̀, a sì mọ ọwọ́ tó pa á. Ẹran òde òní kò ní orí, kò ní awọ. Páálí rẹ̀ nìkan ni ẹ̀rí tó kù, òun náà ni a sì ń yọ dànù ká tó tà á.

Nítorí náà, ẹ̀yin tó ń bójú tó ọjà ní Pobè àti ní Sakété, ẹ ṣe é lófin: ẹni tó bá ń ta ẹran yìnyín, kí ó gé ojú páálí tí ọ̀rọ̀ wà, kí ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fírígò títí ẹran náà yóò fi tán. Kò ní ná an ní kọ́bọ̀. Ẹ̀yin oníṣòwò ńlá ní Kútọnu, ẹ fi lẹ́tà tó ṣeé kà sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún wa. Ẹ̀yin òǹrajà, ẹ máa béèrè, bí wọ́n tilẹ̀ ń kùn. Ìyá tó ń ta ẹran Kútọnu, ẹ̀yin náà, ẹ̀bẹ̀ ni mo bẹ̀ yín: ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá àga jókòó lé.