Ọwọ́ Tí Mo Nà Sókè

Irọ́ ni mo kọ́kọ́ pa. Ọjọ́ Ìsinmi kan ni, nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìsọlọ̀. Pásítọ̀ ní kí ẹni tó bá fi ìdajì wákàtí gbàdúrà lójoojúmọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, láìfọwọ́ kan fóònù, nawọ́ sókè. Kí n tó bi ọwọ́ mi pé níbo ló ń lọ, ó ti dé òkè. Kí ni kí n ṣe? Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ìyá, èmi ni mo ń ṣètò oúnjẹ àlejò, mo wà lára akọrin, gúrúùpù WhatsApp ti ṣọ́ọ̀ṣì nìkan tó wà lórí fóònù mi jẹ́ méje. Ká ní kí n jókòó kí n káwọ́ gbera? Pásítọ̀ ní kí gbogbo àwa tá a nawọ́ máa bá a lọ fún ogójì ọjọ́ sí i, ká wá jẹ́rìí. Ìjọ pàtẹ́wọ́ fún wa.

Àdúrà tí mo gbà lọ́sẹ̀ náà kò ju "Olúwa, má jẹ́ kí ọkọ̀ yìí kún kí n tó dé ibẹ̀" lọ.

Lọ́jọ́ kìíní, mo jí láago márùn-ún. Mo kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo gbórí lé e, mo ní, "Bàbá, mo dé o." Ohun tí mo tún gbọ́ lẹ́yìn ìyẹn ni ohùn ọmọbìnrin mi: "Mọ́mì, aago méje ti lù! Ṣé láti ìdájí lẹ ti wà lórí ìkúnlẹ̀?" Aṣọ bẹ́ẹ̀dì ti fa ìlà sí mi lẹ́rẹ̀kẹ́ bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ọ́ fún mi. Mo rọra dìde bí ẹni tó ti òkè ọ̀run bọ̀, mi ò fèsì. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọmọ náà ti pe ìyá mi lórí fóònù pé aládùúrà gidi ni mí. Ìyá mi sunkún ayọ̀. Ta ló máa sọ òótọ́ fún irú ìyá bẹ́ẹ̀?

Lọ́jọ́ kẹta, mo jókòó kí oorun má bàa gbé mi. Mo ṣí Bíbélì orí fóònù sí Lúùkù orí kẹwàá, níbi tí Màtá ti ń sá sókè sódò nítorí oúnjẹ, tí Màríà sì jókòó lẹ́sẹ̀ Jésù. Mi ò tíì dé ibi tí Màtá ti fẹjọ́ sùn tí àtẹ̀jíṣẹ́ oníbàárà aṣọ mi kan fi wọlé: "Ẹ káàárọ̀ mà, èló ni léèsì aláwọ̀ ewé yẹn?" Mo ní kí n dá a lóhùn kíá, kí n padà sọ́dọ̀ Màtá. Ìgbà tí mo máa padà, ilẹ̀ ti mọ́ kedere, mo ti ta yáàdì márùn-ún, mo sì ti wo fídíò ìgbéyàwó ẹni tí mi ò mọ̀ rí. Bíbélì ìyá àgbà mi wà nínú àpótí, ìtumọ̀ tí Àjàyí Crowther bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n parí lódindi ní 1884. Kòkòrò ti jẹ ẹ́ létí, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè ti inú rẹ̀ bèèrè iye léèsì. Mi ò mú un jáde. Mo ní ó wúwo.

Èyí tó burú jù ni ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Nínú ẹgbẹ́ wa, kálukú wa máa ń fi ohùn àdúrà ìdájí sílẹ̀ lórí WhatsApp lọ́jọ́ tó bá kàn án. Ó kàn mí lọ́jọ́ tí wọ́n ń ná ọjà Aswani gan-an, bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá fẹ́ kó ojúlówó níbẹ̀ kì í pẹ́ nílé. Báàgì wà lọ́wọ́ òsì mi, fóònù wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹsẹ̀ mi ń sá. Àdúrà náà wá gbóná: "Olúwa, fọwọ́ tọ́ ọkàn arábìnrin tó kó àǹkárá 28,000 náírà lọ láti oṣù Kẹta, tó ń wọ̀ ọ́ lọ sóde, tí kò san kọ́bọ̀. Má jẹ́ kó rí oorun sùn!" Ẹgbẹ́ ìyá kọ́ ni mo fi ránṣẹ́ sí. Àwọn oníbàárà mi ni, gbogbo wọn pátá, ọgọ́fà èèyàn.

Kó tó di ọ̀sán, àwọn ajigbèsè mẹ́ta tí mi ò tilẹ̀ rántí sanwó. Ẹni tí mò ń bá wí gan-an fèsì pé, "Àmín o, mọ́mì. Ẹ̀dá burú." Títí di òní, mi ò mọ̀ bóyá kí n ka àdúrà yẹn sí èyí tó gbà.

Mo bá ní inú ọkọ̀ ni n ó ti máa gbàdúrà. Mo wọ dáńfó ní Cele, mo dijú, mo ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ nínú ọkàn. Kọ̀ńdọ́ ké pé, "Mọ́mì, owó yín dà?" Mo dáhùn kíkankíkan pé, "Àmín!" Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Mo sanwó, mo tún dijú, n kò sì là á mọ́ títí a fi kọjá Òṣòdì tí mò ń lọ. Anthony ni mo ti pariwo "Ó wà o!"

Bí mo ṣe ń padà bọ̀ ni mo rántí ìjọ aláṣọ funfun tó fún ibùdókọ̀ Cele lórúkọ. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni Samuel Bilewu Oshoffa tó dá a sílẹ̀. Ní 1947, ó wọ ọkọ̀ ojú omi láti Àjàṣẹ́, ó ń lọ wá igi dúdú tí wọ́n ń pè ní ẹ́bónì. Inú rírun dá awakọ̀ dùbúlẹ̀, Oshoffa fúnra rẹ̀ sì sọnù sínú igbó fún bí oṣù mẹ́ta, àdúrà ló ń gbà níbẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, ó ti dá ìjọ sílẹ̀. Ọjà ni baba yẹn bá jáde bíi tèmi, ṣùgbọ́n igbó ni tirẹ̀. Òṣòdì ni tèmi. Ní 2009, ìjọba kó àwọn ìsọ̀ abẹ́ afárá kúrò. Ní 2019, wọ́n ṣí ibùdókọ̀ ńláńlá mẹ́ta. Ariwo nìkan ni wọn ò rí kó.

Igbó tèmi wá di yàrá kékeré tí mò ń kó ìdì aṣọ sí lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi ní Bọ́ládé. Ọmọ tó ń bá mi tajà lọ ra omi. Mo fi fóònù sílẹ̀ níbi tó ti ń gba iná, mo yọ́ wọlé, mo pa ilẹ̀kùn dé. Ọmọ náà padà, ó rí àgádágodo tó ń fì dirodiro lẹ́nu ọ̀nà. Èmi fúnra mi ni mo kìlọ̀ fún un pé ọjọ́ tí mo bá bá yàrá yẹn láìtì, owó oṣù rẹ̀ ló máa sanwó rẹ̀. Ó tì í.

Mo kan ilẹ̀kùn títí ọwọ́ fi ń ta mí. Alágbo kan wà níwájú ṣọ́ọ̀bù tó ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn polówó egbòogi jẹ̀díjẹ̀dí. Ta ló máa gbọ́ tèmi? Mo bá jókòó sórí ìdì àǹkárá, mo bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Kí alágbo tó polówó tán lẹ́ẹ̀mejì, mo ti tọrọ gbogbo ohun tí mo mọ̀ ọ́n tọrọ. Ó ṣẹ́ kù èmi àti òkùnkùn. Ibẹ̀ ni mo ti sọ ọ̀rọ̀ ọwọ́ tí mo nà fún Ọlọ́run, bí ẹni pé kò sí ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà. Mo sọ ti oorun, mo sọ ti ẹkún ìyá mi. Mo tọrọ oorun padà fún arábìnrin alágbèsè, ó dùn mí díẹ̀. Lẹ́yìn náà mi ò sọ nǹkan kan mọ́, mo kàn jókòó. Mo tún sùn fírí, mi ò ní purọ́.

Ọmọ náà ṣílẹ̀kùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dákú. "Ẹ jọ̀ọ́ mọ́mì, mi ò mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀! Oníbàárà kan ń dúró níta, léèsì ló fẹ́."

Mo ní kó tilẹ̀kùn padà, kó fún mi ní ìdajì wákàtí sí i. Ó wò mí tìyanutìyanu, ó tì í.

Kò pé ìṣẹ́jú kan, mo kan ilẹ̀kùn.

"Èló ló ní òun máa san?"