Ta Ló Ni Kòtò Yìí?

Bí ọkọ̀ bá já sí kòtò nílẹ̀ Yorùbá, ẹ má tíì béèrè bóyá ẹnikẹ́ni fara pa. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ìwé kòtò náà. Ṣé ti A ni, àbí B, àbí C? Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló fi ìpín ọ̀nà yẹn sílẹ̀ fún wa: A jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, B ti ìjọba ẹkùn tó padà di ti ìpínlẹ̀, C ti ìjọba ìbílẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀, tí apá rẹ̀ ò ká kátàpílà kan, ló wá ni nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ọ̀nà tó wà ní Nàìjíríà. Ẹni tó ṣe ìpín yìí mọ ẹ̀fẹ̀ ṣe o.

Nígbà tí owó epo rọ̀bì dé láàárín àwọn ọdún 1970, ojú ìjọba àpapọ̀ wọ ọ̀nà àwọn ìpínlẹ̀, ó sì gba púpọ̀ nínú wọn. Orúkọ tí wọ́n fún wọn ni F. Ọmọ àgbàtọ́ ni F: bàbá tó bí i ti gbàgbé rẹ̀, èyí tó gbà á tọ́ ò sì rántí pé òun gbọ́mọ.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀nà kan wò. Ọdún 1906 ni wọ́n la ọ̀nà láti Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ kí mọ́tò lè gbà á, òun sì ni àwọn òpìtàn pè ní ọ̀nà mọ́tò àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Lónìí, ó ti di ara A1, òpópónà ìjọba àpapọ̀ tó ti Èkó gba Ìbàdàn, Ọ̀yọ́, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìlọrin, tó sì kọjá lọ sí Sókótó. Ẹ dé gáréèjì Ìwó Road n'Ìbàdàn, kí ẹ ní A1 lẹ̀ ń lọ, ẹ ó rí bí agbèrò ṣe máa wò yín. Láti Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ kò ju nǹkan bíi kìlómítà 52 lọ, iṣẹ́ àtifẹ̀ ẹ́ sí méjì sì ti gbà ju ọdún mẹ́wàá lọ.

Ti Èkó sí Ìbàdàn ńkọ́? Tẹ́lẹ̀, ẹ ní láti gba Ìkòròdú àti Ṣágámù, tàbí Abẹ́òkúta. Ní 1978 ni wọ́n ṣí ẹsipirẹ́ẹ̀sì. Ní 2009 wọ́n gbé e fún iléeṣẹ́ aládàáni, ní 2012 wọ́n gbà á padà, ní 2013 wọ́n tún wá ṣe ìfilọ́lẹ̀ àtúnṣe rẹ̀. Ká sòótọ́, ètò ìfilọ́lẹ̀ nìkan ni kì í ní kòtò lójú ọ̀nà yẹn.

Àmọ́ èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú ní Èkó, tí àlejò máa kọ́kọ́ gbà bó bá ti sọ̀ kalẹ̀. Ní 2017, gómìnà Akínwùnmí Ambọ̀dé ké gbàjarè pé òun fẹ́ fowó ìpínlẹ̀ tún un ṣe, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó iṣẹ́ òde ni ò jẹ́ kóun rọ́nà ṣe é. Ta sì ni mínísítà? Babátúndé Fáṣọlá, tó lo ọdún mẹ́jọ lórí àga gómìnà Èkó kan náà kí Ambọ̀dé tó gbà á! Ẹnì kan ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kóun náwó, wọ́n ní ó di ìpàdé ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀. Kòtò ò bá wọn jà, ó kàn ń fẹ̀ sí i. Wọ́n padà gbà fún un lọ́dún yẹn, bí ẹni pé oore ni wọ́n ṣe é.

Èmi ní àbá kan. Kí wọ́n ri pátákó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n kọ A, B, C tàbí F sí i, kí ẹni tó bá já sínú rẹ̀ lè mọ ibi tó máa darí èpè sí. Mo bá bàbá kan tó ń kọ pátákó sọ ọ́. Ó ní kò burú, ṣùgbọ́n ta ló máa sanwó, Fẹ́dírà ni àbí ìpínlẹ̀? Mo ní ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ ná, kòtò tó bá bẹ̀rẹ̀ láti A tó parí sí B ńkọ́? Bàbá ní ìyẹn ti di pátákó méjì, owó méjì.