Délé, Iná Aláwọ̀ Méje Kì Í Gbá Bọ́ọ̀lù

Lẹ́tà ṣíṣí sí àbúrò mi tó fẹ́ fi owó agùnbánirọ̀ tò kọ̀ǹpútà gẹ́ẹ̀mù

Délé, Àkànní ọmọ ìyá mi,

Ìwé ọjà tí o kọ ti tẹ̀ mí lọ́wọ́. Màmá ló ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Bí wọ́n ṣe rí i pé ó gùn, wọ́n rò pé ẹrù ìyàwó ni àwọn àna kọ lé ọ lọ́wọ́, wọ́n ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́. Èmi ni mo sọ fún wọn pé kì í ṣe ìyàwó, kọ̀ǹpútà gẹ́ẹ̀mù ni. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní ṣé kọ̀ǹpútà ọ̀hún máa ń bímọ. Èsì ìyẹn, ìwọ fúnra rẹ ni wàá fún wọn nígbà tí o bá délé.

Mi ò pè ọ́ lórí fóònù nítorí mo mọ̀ ọ́. Bí mo bá pè, wàá ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì Àkúrẹ́ kò dára. Bí mo bá tẹ àtẹ̀jíṣẹ́, àwòrán ẹlẹ́rìn-ín kan ni wàá fi dá mi lóhùn. Gbangba ni mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí wà, kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ tó ń gbà ọ́ nímọ̀ràn lè gbọ́ tiwọn níbẹ̀.

Ẹni tí kò bá rí ìwé náà, ẹ jẹ́ kí n kà á. Casing onígíláàsì, fáànù mẹ́fà nínú rẹ̀, gbogbo wọn ń tan iná aláwọ̀ méje. Àga gẹ́ẹ̀mù tó ní ìrọ̀rí ọrùn. Core i9. Keyboard tó ń tan iná. Mouse tó ń tan iná. RAM tó ń tan iná. Nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí yíǹkì bírò ti ń tán lọ, o wá kọ ọ́ pé: “graphics card, èyíkéyìí, power pack, èyí tó bá wà.”

Èyíkéyìí! Èyí tó bá wà! Àkànní, ṣé kọ̀ǹpútà lo fẹ́ tò ni àbí ilé ijó?

Tẹ́tí kí o gbọ́. Nínú gẹ́ẹ̀mù, graphics card ló ń ya gbogbo ohun tí ojú rẹ ń rí: koríko pápá, òógùn ojú agbábọ́ọ̀lù, òjò tó ń rọ̀ sórí títì nínú GTA V. Iṣẹ́ processor ni kó máa ṣírò ibi tí bọ́ọ̀lù ń lọ àti ohun tí ọ̀tá rẹ fẹ́ ṣe, kó sì máa gbé iṣẹ́ yíyà fún káàdì. Bí káàdì bá ń fà, processor yóò kàn jókòó dè é ni, ì báà jẹ́ i9. Mo sì mọ “èyíkéyìí” tí wọn yóò tà fún ọ. GT 730 ni, káàdì tí NVIDIA gbé jáde ní 2014, tí kò wúlò ju kí àwòrán ṣáà ti hàn lójú monitor lọ. Agbábọ́ọ̀lù rẹ yóò máa rìn bí ẹni tí ẹ̀gún wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, fáànù mẹ́fà yóò sì máa tan iná sí i lórí.

Ẹni tí owó rẹ̀ kéré, owó káàdì ni kó kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀. Bó gba ìdá kan nínú mẹ́ta owó rẹ, bó gba ìdajì, má ké. RX 6600 tí AMD gbé jáde ní oṣù Kẹwàá 2021 kì í ṣe ọmọ tuntun mọ́, ṣùgbọ́n ó ní mẹ́mọ́rì 8GB, watt 132 péré ló ń jẹ, monitor 1080p tí àpò rẹ lè ká kò sì jù ú lọ. Irú rẹ̀ ni kí o máa wá. Processor tó bá a mu kò ju Ryzen 5 5600 tàbí Core i3-12100F lọ, 2022 ni àwọn méjèèjì jáde. Mo mọ̀ pé ojú yóò tì ọ́ láti pe i3 létí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ. Pè é! i3 yìí ń na i7-7700K ti 2017 nínú gẹ́ẹ̀mù, owó rẹ̀ kò sì dé ìtòsí ti i9. Kìkì pé kí o ṣọ́ F tó wà ní ìparí orúkọ rẹ̀: Intel fi ń sọ pé kò sí ẹ̀rọ àwòrán nínú rẹ̀ ni. Bí o bá ra F nígbà tí káàdì kò tíì sí nílé, monitor dúdú ni wàá máa wò. Nínú páálí 5600, wàá bá fáànù tirẹ̀ níbẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá ní kí o ra ẹ̀rọ olómi tí yóò máa tù ú lára, bi í bóyá ẹran ló fẹ́ sè.

Bí owó kò bá tó káàdì rárá, ìyẹn náà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ryzen 5 5600G ti 2021 ní ẹ̀rọ àwòrán tirẹ̀ nínú. Yóò gbé Valorant dáadáa, yóò gbé GTA V bí o bá rẹ àwòrán rẹ̀ sílẹ̀, wàá sì fi káàdì kún un nígbà tí ₦77,000 ìjọba bá tún wọlé bíi mélòó kan. Ẹ̀rọ àwòrán inú rẹ̀ ń yá RAM lò ni. Nítorí náà, ra ẹyọ RAM méjì oní-8GB, má ra ẹyọ kan ṣoṣo oní-16GB: ọ̀nà méjì ni ẹyọ méjì máa ń ṣí fún mẹ́mọ́rì, ẹyọ kan kò lè ṣí ju ọ̀kan lọ.

RAM tó ń tan iná yẹn, pa á rẹ́ kúrò nínú ìwé náà kí n tó wá síbẹ̀. Láti òpin 2025 ni owó RAM ti fò sókè, nítorí àwọn tó ń kọ́ ilé dátà fún AI ń gbá mẹ́mọ́rì jọ lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe é. Micron pàápàá kéde ní oṣù Kejìlá ọdún náà pé òun kò ní máa ta mẹ́mọ́rì Crucial fún àwa oníkọ̀ǹpútà ilé mọ́. Ìwọ wá fẹ́ san owó iná lé owó RAM. Kí o tó rà á rárá, wo motherboard: B450 àti B550 tí Ryzen 5 5600 ń wọ̀, DDR4 ni wọ́n ń gbà, àwọn AM5 tuntun, DDR5 nìkan. Wọn kò bára mu, má fi ipá tì í. B450 tó ti pẹ́ lórí àtẹ sì lè ṣàìdá 5600 mọ̀ títí wọn yóò fi sọ BIOS rẹ̀ dọ̀tun. Ẹni tó bá tà á fún ọ ni kó ṣe é, níwájú rẹ.

Ó wá ku power pack. Ibí yìí ni ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu mi.

“Èyí tó bá wà” yẹn, mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Bí o bá gbé e sókè, kò wúwo ju búrẹ́dì lọ. Wọ́n kọ 600W sí i lára, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè jẹ́rìí rẹ̀. Gbogbo ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà, òun ló ń bọ́ wọn: ó ń gba iná volt 230, ó ń sọ ọ́ di 12, 5 àti 3.3. Power pack gidi ní ẹ̀ṣọ́ nínú tó ń mú un pa ara rẹ̀ nígbà tí iná bá ga jù tàbí tí wáyà bá kan wáyà. Gbàrọgùdù kò ní; nígbà tó bá sì fẹ́ kú, kì í dá lọ, á mú motherboard dání, á mú káàdì tí o fi oṣù mélòó kan tù jọ dání. Àwọn kan tún ní bọ́tìnnì pupa lẹ́yìn, tí wọ́n kọ 115 àti 230 sí. Wò ó kí o tó ki wáyà bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Bó bá wà lórí 115, ìró tí wàá gbọ́, àwọn aládùúgbò yóò bá ọ gbọ́ ọ.

Má sì jẹ́ kí wọ́n fi 850W dẹ́rù bà ọ́. Ṣírò rẹ̀ wò. Káàdì 132, processor 65 tàbí kó lé díẹ̀, motherboard, SSD, RAM àti fáànù kò tó 60. Gbogbo rẹ̀ kò pé 300. Ojúlówó 500 tàbí 550 tó ní àmì 80 Plus ti tó, àyè á tún ṣẹ́ kù. Àmì náà ń sọ pé ó kéré tán ìdá 80 nínú 100 iná tí power pack ń fà ló ń dé inú kọ̀ǹpútà. Kò ṣe ìbúra kankan lórí ìyókù. Ìdí nìyẹn tí o fi gbọ́dọ̀ wo orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, àti iye ọdún tí wọ́n fi dúró fún un.

Iná tiwa náà, o mọ̀ ọ́n. Wọ́n fi lẹ́tà pín àwọn oníná, wọ́n ní àwọn ará Band A yóò máa rí iná wákàtí 20 lójúmọ́. Àdúgbò tí ìwọ ń gbé, mo rò pé lẹ́tà rẹ̀ kò tíì sí nínú álífábẹ́ẹ̀tì. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí ẹ ń pè ní “I better pass my neighbour” kò sì lè mú iná dúró sójú kan. UPS ni kí o rà. Owó àga yẹn yóò rà á, ṣéńjì á tún kù.

Tó bá di ọjọ́ tí o máa wọ Computer Village ní Ìkẹjà, ẹni tó bá kọ́kọ́ fà ọ́ lápá pé “ọ̀gá mi, kí lẹ ń wá?” lè má ní ṣọ́ọ̀bù. Yóò mú ọ lọ bá ẹni tó ní, owó ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò sì wọ inú owó ọjà rẹ. Káàdì tòkunbọ̀ kì í ṣe ohun ìtìjú. Nígbà tí owó ayélujára Ethereum pa ìwakùsà oníkáàdì tì ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án 2022, àwọn tó ti ń fi káàdì wa owó tọ̀sántòru dà á sọ́jà àlòkù káàkiri ayé. Èyí tó dára wà nínú rẹ̀, èyí tí fáànù rẹ̀ ń ké náà wà níbẹ̀. Ní kí wọ́n kì í bọ ẹ̀rọ, kí wọ́n fi FurMark tàbí gẹ́ẹ̀mù ńlá kan lò ó fún ìdajì wákàtí lójú rẹ, kí o máa wo bó ṣe ń gbóná. Ẹni tí kò bá gbà, kí ó máa tà á fún ẹlòmíràn.

Ayédèrú ni kí o sá fún. Àwọn kan ń mú káàdì àtijọ́, bíi GTS 450 ti 2010, wọ́n á yí ohun tó wà nínú BIOS rẹ̀, yóò wá máa pe ara rẹ̀ ní GTX 1050 Ti. Windows yóò gbà á gbọ́. GPU-Z kò ní gbà: ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ ni, kò sì tóbi, yóò kọ FAKE síwájú orúkọ káàdì náà gbàgàdà. Gbé e sórí flash rẹ lọ sọ́jà. RX 580 tí wọ́n bá kọ 2048SP sí lára náà, ara RX 570 ló wà nínú aṣọ RX 580. Má san owó ẹ̀gbọ́n fún àbúrò.

Ọ̀rẹ́ rẹ tó ní kí o ra OptiPlex, kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tòkunbọ̀, kí o fi káàdì kún un kò purọ́. Ọgbọ́n òtòṣì ni, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó tẹ́ẹ́rẹ́ kò gba káàdì gíga, power pack wọn kì í sábà ní wáyà tí káàdì ńlá ń fẹ́. GTX 1650 onígékúrú tí kò nílò wáyà ló lè bá ọ jẹ́ níbẹ̀.

Ìyókù kò le. Ra SSD, Cyberpunk 2077 tilẹ̀ ti sọ SSD di dandan láti 2023, àwọn gẹ́ẹ̀mù mìíràn sì ń tẹ̀ lé e. Kí wáyà monitor wọ ẹ̀yìn káàdì, má fi í sí ẹ̀yìn motherboard, kí o má baà pè mí lóru pé káàdì kò ṣiṣẹ́. Monitor 144Hz tí o bá rà, wọ inú Windows lọ yí i kúrò lórí 60.

Má dá lọ sọ́jà. Dúró dè mí, kí a jọ lọ. Power pack, èmi ni màá rà á fún ọ, ojúlówó 550, má dúpẹ́. Àga onírọ̀rí, ìwọ ni kí o wá owó rẹ̀.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ,
Bùnmi