Adájọ́ Apá Kìíní

Adájọ́ Apá Kìíní ni ẹni tó máa ń dá ẹjọ́ odindi eré tẹlifíṣọ̀n lẹ́yìn tó bá ti wo apá àkọ́kọ́ rẹ̀, tàbí ìdajì apá àkọ́kọ́, tàbí lẹ́yìn tí ẹlòmíràn bá wò ó tó sì ròyìn rẹ̀ fún un. Kò sí ìlú tí kò sí ní ilẹ̀ Ìbàràpá. Ní Igbó-Ọrà, ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ló ti wọ́pọ̀ jù, pàápàá ní agbègbè ọjà Tówóbọ̀wọ̀. Ní Èrúwà, ibi tí wọ́n ti ń ṣáàjì fóònù ló fẹ́ràn, torí pé ẹni tí fóònù rẹ̀ wà lórí iná kò lè dìde lọ. Dandan ni kó gbọ́ ẹjọ́ náà tán. Ó lè jẹ́ ọmọ ogún ọdún, ó sì lè ti lé ní àádọ́rin. Ọkùnrin ló pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn obìnrin náà ń dájọ́ o, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn máa ń wo eré tán ná, ìyẹn ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ wọn bá ti ibí yìí mu.

Kì í ṣe gbogbo eré ló ń mú un bínú. Tó bá jẹ́ eré orogún àti ìyá ọkọ, yóò fi sùúrù wò ó dé apá kejì, nítorí ó mọ ilé tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, ó tiẹ̀ lè júwe ilé náà fúnni. Eré ọjọ́ iwájú ni tirẹ̀: èyí tí mọ́tò ti ń fò, tí ẹ̀rọ ti ń fọhùn bí ènìyàn, tó sì jẹ́ pé kò tíì sí ẹni tó dé ibi tí wọ́n ń sọ. Kò sẹ́lẹ́rìí tó lè ta kò ó níbẹ̀. Ìyẹn ló ṣe jẹ́ pé ibẹ̀ gan-an ni ẹnu rẹ̀ ti ń mú jù.

Eré tó fi Adájọ́ hàn jù lọ láyé yìí ni Iwájú, eré àwòrán alápá mẹ́fà tí Disney àti ilé iṣẹ́ Kugali jọ ṣe, tó jáde ní ọjọ́ 28 oṣù kejì ọdún 2024. Ìlú Èkó ti ọjọ́ iwájú ló dá lé. Tọ́lá, ọmọ olówó, ń gbé ní Erékùṣù. Kọ́lé ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó mọ ẹ̀rọ tú tó sì mọ̀ ọ́n tò padà, ń ti òdìkejì omi wá ṣiṣẹ́ nílé wọn. Túndé, bàbá Tọ́lá, ṣe alángbá oníẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ Otin fún ọmọ rẹ̀ kó máa ṣọ́ ọ. Bọ́dé, olórí àwọn ajínigbé, sì ń dọdẹ ọmọ olówó kiri. Olufikayo Adeola ló darí eré náà. Òun, Tolu Olowofoyeku àti Hamid Ibrahim tó wá láti Uganda ló dá Kugali sílẹ̀. Ní ọdún 2019, wọ́n fọ́nnu fún BBC pé àwọn máa na Disney ní ìnà ìdí. Ọ̀gá kan ní Disney rí àkọlé ìròyìn náà, ló bá ránṣẹ́ pè wọ́n, wọ́n sì jọ dòwò pọ̀. Apá yìí nínú ìtàn náà kì í yé Adájọ́ rárá. Ní tirẹ̀, ẹni tó bá sọ pé òun máa na èèyàn, ẹjọ́ ni wọ́n ń pè é sí, wọn kì í pè é sí iṣẹ́.

Lọ́jọ́ tí eré náà jáde, Disney+ kò tíì máa tajà ní Nàìjíríà. Ó di oṣù kẹrin kí àwọn tó ní DStv tó rí i lórí Disney Channel. Láàárín oṣù kejì sí oṣù kẹrin yìí, wọ́n ti dájọ́ rẹ̀ tán ní Igbó-Ọrà. Ọ̀nà tí eré irú èyí ń gbà wọ̀lú ló fa èyí. Ẹnìkan tó ní dátà á wà á jáde lórí Telegram. Láti ibẹ̀ á bọ́ sórí fláàṣì, láti orí fláàṣì á dé ọwọ́ ẹni tó ń da fíìmù sí mẹ́mọ́rì, èyí tó ti ní fíìmù Íńdíà àti ìwàásù nínú. Apá kìíní ló sábà máa ń dé. Apá kejì á kù sọ́nà, bóyá torí pé dátà tán, bóyá torí pé NẸ́PÀ mú iná. Ẹni tí apá kan péré bá dé ọwọ́ rẹ̀ kò ní ju ọ̀nà méjì lọ: kó dákẹ́, tàbí kó sọ ọ́ di odindi. Adájọ́ kò mọ dídákẹ́.

Ìgbẹ́jọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ kí àwòrán tó bẹ̀rẹ̀. Gbólóhùn àkọ́kọ́ ni pé òyìnbó ló ṣe é. Tí wọ́n bá sọ fún un pé ọmọ Yorùbá ló darí rẹ̀, á ní òyìnbó ló gbé owó kalẹ̀. Tí wọ́n bá ní òótọ́ ni, owó ni tòyìnbó, ṣùgbọ́n ìtàn ni tiwa, á bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n ń sọ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà. Ó gbá òótọ́ mú níbí o, nítorí Gẹ̀ẹ́sì tó ní ohùn Nàìjíríà ni wọ́n ń sọ jù nínú eré náà, Yorùbá àti Píjìn kàn ń yọjú ni. Àbùkù gidi nìyí, ó sì yẹ kí wọ́n jókòó tì í. Ṣùgbọ́n kò dúró síbẹ̀. Ó ti sáré kọjá lọ síbi aṣọ tí Tọ́lá wọ̀.

Ìgbà tó bá gbọ́ ohùn Femi Branch lẹ́nu Bọ́dé ni ara rẹ̀ máa ń balẹ̀. Ó mọ ẹni yẹn nínú fíìmù Yorùbá. Á pariwo pé òun mọ̀ ọ́n, á ka fíìmù mẹ́rin tó ti ṣe, á sọ èyí tó ti kú nínú rẹ̀ àti èyí tí kò ti kú. Ariwo náà á bo gbogbo ohun tí Bọ́dé ń sọ mọ́lẹ̀. Nígbà tí ariwo bá rọlẹ̀, á fi ẹ̀sùn kan eré náà pé ìtàn rẹ̀ kò yéni.

Èyí kò ju ìpalẹ̀mọ́ lọ. Mọ́tò tó kọ́kọ́ fò kọjá lórí ọ̀sà ni ẹjọ́ gan-an ń dúró dè. Adájọ́ á rẹ́rìn-ín músẹ́, á wo ọ̀tún, á wo òsì, á ní: "Egbé nìyẹn." Láti ìgbà náà lọ, òfin kan ṣoṣo ló ń tẹ̀ lé: ohunkóhun tó bá wà níwájú, àwọn bàbá wa ti lò ó rí. Mọ́tò tó ń fò, egbé ni. Ẹni tí kámẹ́rà kò rí, àféèrí ló lò. Ẹ̀rọ tó ń jẹ́ àṣẹ ẹnu olówó rẹ̀, gbẹ̀tugbẹ̀tu ni. Kí á máa rí ojú ẹni tó wà lókè òkun nínú fóònù, ṣebí omi inú àwo ni wọ́n fi ń wò ó látijọ́. Alángbá oníẹ̀rọ yẹn nìkan ló máa ń dà á láàmú díẹ̀. Á ronú, á fọwọ́ pa irùngbọ̀n, kó tó rántí pé ohun tí wọ́n bá gbé kalẹ̀ láti máa ṣọ́ nǹkan, ààlè là ń pè é, oko wo ni wọn kì í fi í sí?

Ọmọ iṣẹ́ onígbàjámọ̀ nìkan ló sábà máa ń ní ìgboyà láti dá sí i.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, Bàbá Ìbejì, tí egbé bá wà lóòótọ́, kí ló dé tí ẹ fi gun ọ̀kadà wá láti Ìdèrè láàárọ̀ yìí?"

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lo egbé ni? Ó ní èèwọ̀."

"Èèwọ̀ wo ni, sà?"

"Wọn kì í sọ ọ́. Gé irun tí wọ́n ní kí o gé."

Kò sí agbẹjọ́rò tó lè borí èèwọ̀ tí wọn kì í sọ. Ìwé òfin kánàkò, oògùn tó ń sọ ọ̀nà jíjìn di kúkúrú, náà wà lọ́wọ́ Adájọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ tó bá ti Ìbàdàn gba ọ̀nà Èrúwà bọ̀, tí kòtò ti gbọ̀n ọ́n dé egungun, ló máa ń ṣí i jù. Bí wọ́n bá bi í léèrè pé ibo ni gbogbo nǹkan wọ̀nyí wá gbà lọ, ìdáhùn rẹ̀ kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ: òyìnbó jí i. Bí òyìnbó ṣe jí ohun tí wọn kì í sọ fún ẹnikẹ́ni, kò tíì ṣàlàyé rẹ̀.

Kì í kúkú ṣe irọ́ pé Yorùbá ti ń ro irú nǹkan báwọ̀nyí tipẹ́. Ní 1938 ni ìwé àkọ́kọ́ D. O. Fágúnwà ti jáde, ó sì kún fún ẹ̀dá tí ojú kò rí rí àti ìrìn àjò tí ẹsẹ̀ lásán kò lè rìn. Àwọn ọdẹ Ìbàràpá ti ń sọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ lóru kí ìwé náà tó dé. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé Fágúnwà pe tirẹ̀ ní ìtàn, ó sì kọ ọ́ dé ìparí. Adájọ́ pe tirẹ̀ ní ẹ̀rí, kò sì fi í gbé ẹyọ mọ́tò kan fò.

Ohun tó yani lẹ́nu jù nínú ìwà rẹ̀ ni pé kì í dárúkọ Lánlátẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, Lánlátẹ̀ yìí, tí kò jìnnà sí Èrúwà, ni Nàìjíríà kọ́ ibùdó sí láti máa bá sátẹ́láìtì Intelsat sọ̀rọ̀. Abọ́ irin ràgàjì kan kọjú sókè sí ẹ̀rọ tó wà ní nǹkan bí 36,000 kìlómítà lójú òfuurufú. Ibẹ̀ ni ìpè tẹlifóònù láti òkèèrè ń gbà wọlé, ibẹ̀ náà ni àwòrán tẹlifíṣọ̀n láti ilẹ̀ mìíràn ń gbà dé, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ilé ní Ìbàràpá kò tíì ní iná. Ilé iṣẹ́ NET ló kọ́kọ́ ń bójú tó o, kó tó bọ́ sọ́wọ́ NITEL, ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ìjọba, ní 1985. NITEL dojú dé, ibùdó náà dákẹ́. Ìyẹn ni pé ọjọ́ iwájú ti dé Ìbàràpá rí, ó ṣiṣẹ́, ó sì ti kógbá wọlé, nígbà ayé ẹni tó ń jiyàn pé egbé ló ṣáájú. Ṣùgbọ́n àwọn ẹnjiníà ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Wọ́n ń gba owó oṣù, wọ́n ń kọ ohun tí wọ́n ṣe sílẹ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ mọ̀ ọ́n lè lọ kọ́ ọ nílé ìwé. Ohun tí kò ní èèwọ̀, tí wọ́n sì lè fi kọ́ ọmọ ẹlòmíràn, kò wúlò fún Adájọ́.

Ẹ̀yà rẹ̀ kò pọ̀. Èyí tó wà ní poli Èrúwà kì í dárúkọ egbé, ojú a máa tì í. Amẹ́ríkà ni òṣùwọ̀n tirẹ̀. Ó ti wo fíìmù Marvel tó pọ̀, kò sì sí ohun tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ yìí tí kò "kéré sí tiwọn." Inú ẹjọ́ tirẹ̀, Iwájú ti kéré sí Amẹ́ríkà, bẹ́ẹ̀ Amẹ́ríkà ló gbé e jáde. Ẹ̀yà kejì wà ní Igbó-Ọrà nìkan. Ìlú ìbejì ni, òun kò sì rí ìbejì kankan nínú apá kìíní. Ó ní eré Yorùbá tí kò ní Táyé àti Kẹ́hìndé, irọ́ ni. Ẹ̀yà kẹta kò wo eré rárá. Òun ni ohùn rẹ̀ máa ń lọ sókè jù.

Kò yẹ kí á rò pé Ìbàràpá nìkan ló ni wọ́n. Lókè òkun, wọ́n ń sanwó fún irú wọn. Ní 1965, àwọn ọ̀gá NBC ní Amẹ́ríkà wo eré ìdánwò àkọ́kọ́ Star Trek, wọ́n ní ó ń mú èèyàn ronú jù, wọ́n dá a padà. Ohun tí kò jẹ́ kí wọ́n pé ní Adájọ́ Apá Kìíní ni pé wọ́n ní kí wọ́n tún òmíràn ṣe wá. Eré náà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án 1966, wọ́n sì ń ṣe oríṣiríṣi rẹ̀ lẹ́yìn ọdún márùndínlọ́gọ́ta. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ọjọ́ kejì tí wọ́n pa Ààrẹ Kennedy ni apá kìíní Doctor Who jáde, ní ọjọ́ 23 oṣù kọkànlá 1963. Ọkàn àwọn èèyàn kò sí nílé. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, BBC tún apá kìíní gbé jáde kí wọ́n tó fi apá kejì hàn. Ká ní Adájọ́ wà níbẹ̀ ni, inú rẹ̀ ì bá dùn, torí ẹjọ́ kan náà ni ì bá dá lẹ́ẹ̀mejì.

Ọmọdé ni wọ́n ṣe Iwájú fún. Nílé tí wọ́n bá ti rí i wò, ilẹ̀ ni àwọn ọmọ máa ń jókòó sí, wọn kì í sì pariwo. Ìbéèrè wọn kì í pọ̀: ṣé alángbá yẹn máa ń jẹun, àti pé ìgbà wo ni èyí tó kàn máa dé. Adájọ́ kò dáhùn èyíkéyìí nínú méjèèjì rí.

Apá kọ̀ọ̀kan Iwájú gùn tó nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Ẹni tó bá wo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tẹ̀léra kò ní lò ju nǹkan bí wákàtí méjì lọ. Ẹjọ́ apá kìíní nìkan ti kọjá ìyẹn ní Tówóbọ̀wọ̀, wọ́n sì ti sún un di ọ̀la.