Ìjàpá àti Òkété Tó Ń Sùn Lọ́sàn-án

Àlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbòó, ó dá lórí Ìjàpá ọkọ Yánníbo, ó dá lórí Òkété, ó sì kan ọmọ yòówù tó ní fóònù lọ́wọ́, tí ìyá rẹ̀ ń bi í pé, "Kí lò ń tẹ̀ láti àárọ̀?"

Nílùú àwọn ẹranko, iṣẹ́ wọ́n. Ọ̀bọ kàwé tán, ó jókòó sórí igi, ó fi ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ ṣe abẹ̀bẹ̀. Àgbò kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́ títí ìwo fi ń ro ó. Ibi tí wọ́n wà rèé tí Aláǹtakùn fi ta okùn. Kì í ṣe èyí tí ẹ ń fi ìgbálẹ̀ gbá kúrò lájà o. Ó so ìdí rẹ̀ mọ́ ìrókò àárín ọjà, ó ta á kọjá odò, ó ta á kọjá òkun, ó fi kọ́ ìlú àwọn tí ẹnikẹ́ni ò rí ojú wọn rí. Bí ẹnìkan lọ́hùn-ún bá ń wá ẹni tí yóò bá òun ṣiṣẹ́, okùn á gbọ̀n. Ẹni tó bá fura níhìn-ín á dáhùn.

Aláǹtakùn kì í ṣe iṣẹ́ àánú. Nínú owó ẹyọ mẹ́wàá tí o bá pa, ó mú ọ̀kan. Àbúrò rẹ̀ tó ta okùn tirẹ̀ sí ìsàlẹ̀ odò, ọ̀kan nínú márùn-ún lòun ń mú. Ẹ̀yin tí ẹ wà lórí Upwork lọ́dún 2023 tí wọ́n ní ìdá kan nínú mẹ́wàá làwọn yóò máa mú, àti ẹ̀yin ti Fiverr tí ẹ ń fi ogún sílẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ má wò mí lójú, àlọ́ ni mò ń pa. Kí ohùn rẹ tó rìn lórí okùn Aláǹtakùn, wàá kọ́kọ́ ju ẹyọ sí i. Bí oníbàárà bá mú ẹlòmíì, ẹyọ rẹ bá omi lọ. Àwọn tó ń kéde ọjà náà kì í dárúkọ èyí. Ohun tí wọ́n ń kéde ni pé ẹyọ òkè òkun wúwo ju tiwa lọ, òótọ́ sì ni, òótọ́ burúkú.

Òkété ló kọ́kọ́ fọwọ́ kan okùn. Ẹ mọ̀ pé bó ṣe bá Ifá mulẹ̀ tó sì da Ifá ti bà á lórúkọ jẹ́ nílé. Bóyá ìdí nìyẹn tí oníbàárà tí kò mọ̀ ọ́n rí fi wù ú. Ohun kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n ṣe: ó mọ ẹ̀kùrọ́ kà. Mélòó wọlé, mélòó jáde, ta ló jẹ gbèsè, èwo ló ti jẹrà nínú àká. Ó kọ̀wé sí oníṣòwò kan tí ìṣirò rẹ̀ dàrú. Kò gbọ́ èsì. Ó kọ sí òmíràn. Ó ka ohun tí onítọ̀hún ń wá ní àkàtúnkà kó tó dáhùn. Kò gbọ́ èsì. Òjò rọ̀, ọyẹ́ dé, ẹyọ ń bá omi lọ. Nígbà tó yá, obìnrin oníṣòwò kan ní kó bá òun ka ẹ̀kùrọ́ apẹ̀rẹ̀ kan péré, owó rẹ̀ kò tó ra epo àtùpà. Òkété kà á, ó wá sọ fún un pé apẹ̀rẹ̀ náà jò nídìí, ibẹ̀ ni ẹ̀kùrọ́ ti ń lọ. Obìnrin náà so ọ̀rọ̀ rere kan kọ́ okùn lábẹ́ orúkọ Òkété. Ọ̀rọ̀ yẹn lẹni kejì rí tó fi pè é.

Owó gan-an, ọ̀nà à ti gbé e kọjá odò tún jẹ́ wàhálà. Ọkọ̀ ńlá kan wà létí odò tó máa ń kó owó àwọn ẹranko lọ sí òkè òkun, ṣùgbọ́n tó bá ń bọ̀, òfìfo ni. Ẹni tó bá rántí ọdún 2014 tí PayPal wọ Nàìjíríà, tí èèyàn lè fi sanwó àmọ́ tí kò lè fi gbà á, mọ irú ọkọ̀ tí mò ń wí. Òkété ní láti wá ọkọ̀ kékeré mìíràn, ó sì san owó ọkọ̀.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Ìgbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú níhìn-ín ni ọjà ń gbóná lọ́hùn-ún. Bí oníbàárà rẹ bá wà ní New York, tó jókòó sẹ́nu iṣẹ́ laago mẹ́sàn-án àárọ̀, aago méjì tàbí mẹ́ta ọ̀sán ti lù l'Ékòó. Kó tó ṣíwọ́, àwọn ará ilé rẹ ti ń hanrun. Nítorí náà òru ni Òkété ń tan àtùpà, òru ló ń kẹ̀kùrọ́. Bí àkùkọ bá kọ, á pa àtùpà, á nà gbalaja sórí ẹní.

Ọ̀sán ni Ìjàpá sì máa ń gba ibẹ̀ kọjá.

Ó kọjá lónìí, Òkété ń sùn. Ó kọjá lọ́la, Òkété ń sùn, ẹní tuntun ló wà lábẹ́ rẹ̀. Lọ́tùnla, wọ́n ti fi páànù tuntun bo ilé, Òkété ṣì ń sùn. Ìjàpá sáré délé.

"Yánníbo!"

"Baálé mi."

"Mo ti mọ ohun tó ń mú ọrọ̀ wá. Oorun ni."

"Oorun tí ẹ ti ń sùn láti ọjọ́ tí ẹ ti fẹ́ mi, èló ló mú wọlé?"

"Orí okùn kọ́ ni mo ti ń sùn ín."

Ó gba owó epo pupa lọ́wọ́ aya rẹ̀, ó ká ẹní, ó gun okùn Aláǹtakùn lọ. Orin ló ń kọ lọ, ẹ bá mi gbè é:

Lílé: Aláǹtakùn ta okùn ẹ̀
Ègbè: Tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́
Lílé: Ó ta á títí dókè òkun
Ègbè: Tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́
Lílé: Bí mo bá sùn, owó a wọlé
Ègbè: Tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́
Lílé: Bí mo bá jí, owó a kúnlé
Ègbè: Tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, tẹ̀ ẹ́

Ìjàpá sùn. Ó jí. Ilé kò kún. Ó ní bóyá wọn ò mọ̀ pé òun ti dé ni, ó bá kọ ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe sókè gàdàgbà: ó ń gbẹ́gi, ó ń hun aṣọ, ó ń túmọ̀ èdè ẹja, ó ń tún ìkòkò tó fọ́ ṣe, ó ń kọrin òkú, ó sì "tún mọ gbogbo nǹkan yòókù." Bí okùn bá ti gbọ̀n, ó dáhùn. Ìdáhùn kan náà ló há sórí: "Ọ̀gá mi ọ̀wọ́n, mo ti ka ohun tí ẹ ń wá dáadáa, èmi gan-an ni ẹ ń wá." Ẹni tó ń wá aránṣọ rí i gbà, ẹni tó ń wá agbẹ́kànga rí i gbà, ìyá arúgbó kan tó kàn ń bèèrè ọ̀nà náà rí i gbà. Owó epo pupa ń tán lọ. Ó wá dá ọgbọ́n mìíràn: ó já owó rẹ̀ wálẹ̀. Ohun tí àwọn yòókù ń gba ọgbọ̀n ẹyọ ṣe, ó ní márùn-ún lòun ó gbà. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó já a dé ẹyọ kan. Oníbàárà kan wá fèsì wàyí. Ó ní, "Kí ló ṣe é?"

Ìjàpá ò mọ èsì ọ̀rọ̀.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ mi okùn. Ó kí Ìjàpá bí ẹni kí ìjòyè. Ó ní òun ti gbọ́ òkìkí rẹ̀, òun ní iṣẹ́ ẹgbẹ̀rún ẹyọ: kó bá òun ka ewé igbó. "Àmọ́ ẹ jẹ́ ká kúrò lórí okùn yìí, ọ̀gá. Ẹ bá mi lẹ́yìn òkìtì ọ̀gán. Kí ló dé tí Aláǹtakùn ó fi jẹ nínú òógùn wa?" Ọ̀rọ̀ náà wọ Ìjàpá lára. Lẹ́yìn òkìtì ọ̀gán, Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ní kó kọ́kọ́ san ogójì ẹyọ fún ìforúkọsílẹ̀ àti fún àpò tí wọn yóò fi kó ẹgbẹ̀rún rẹ̀ wá. Ìjàpá san án. Ìgbà tó padà dé ẹ̀yìn òkìtì lọ́jọ́ kejì, ikán nìkan ló bá.

Yánníbo gbọ́, kò pariwo. Ó ní, "Baálé mi, nínú ẹ̀yin méjèèjì, ta ni òṣìṣẹ́?"

Ẹlòmíì ì bá tijú. Ìjàpá jókòó lé ìbéèrè náà títí di alẹ́, ohun tó sì rí nínú rẹ̀ kì í ṣe ohun tí Yánníbo fi síbẹ̀. Ó rí i pé Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ pa ogójì ẹyọ láàárín àárọ̀ kan, kò ka ewé kankan, Aláǹtakùn ò sì mú nǹkan kan níbẹ̀. Àṣé orí okùn kọ́ lowó wà. Ẹnu ọ̀nà okùn ló wà!

Ó mú igbá àti ẹfun, ó yọ́ lọ sílé Òkété lọ́sàn-án gangan, ó ya àwòrán òkìtì ẹyọ tó wà lẹ́bàá ẹní rẹ̀. Ó gbé igbá náà kọ́ oríta, ó kọ ọ́ sí i pé: "OHUN TÍ MO PA LỌ́SẸ̀ KAN. WÁ GBA ÀṢÍRÍ." Kò sẹ́ni tó bi í pé ẹní ta lèyí. Ọ̀bọ san ogún ẹyọ. Àgbò san ogún. Adìẹ ta ẹyin tó ń sàba lé lórí kó tó rí tirẹ̀ san. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ ni bí a ṣe ń tẹ́ ẹní. Ẹ̀kọ́ kejì wà fún ẹni tó bá san owó kejì. Àdán nàka, ó ní òun ò mọ iṣẹ́ kankan ṣe, ṣé ó kan òun? Ìjàpá rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ìyẹn ló tilẹ̀ dáa jù. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan kì í ṣàṣìṣe." Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Ọ̀bọ tún béèrè pé ta ni oníbàárà tí olùkọ́ wọn kọ́kọ́ ní. Ìjàpá wò wọ́n yíká, ó ní, "Ẹ̀yin ni." Wọ́n tún pàtẹ́wọ́. Òtítọ́ kan ṣoṣo tó sọ ní gbogbo ọjọ́ yẹn nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ ọ.

Ti Ewúrẹ́ ló dùn mí jù. Ewúrẹ́ mọ ẹní hun ní tòótọ́. Èmi pàápàá sùn lórí tirẹ̀ rí, ara ò ro mí. Bó bá bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹní kékeré kan, bí Òkété ṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí apẹ̀rẹ̀ kan, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀. Ìjàpá ní kó má fi ara rẹ̀ wọ́lẹ̀. Ó ta ìjókòó kan fún un lórí okùn àbúrò Aláǹtakùn, èyí tó ń jẹ́ orúkọ Àgbọ̀nrín, tí ọ̀rọ̀ rere méje ti wà lára rẹ̀. Ewúrẹ́ fi orúkọ Àgbọ̀nrín gba iṣẹ́, ó hun ẹní méjìlá, ẹní tó rẹwà. Oníbàárà yìn ín. Lórí okùn yẹn, bí iṣẹ́ bá parí, owó a máa fi ọjọ́ mẹ́rìnlá so rọ̀ kó tó bọ́ sílẹ̀ fún oníṣẹ́. Ewúrẹ́ ń wo owó rẹ̀ lókè bí ọmọdé tó ń wo máńgòrò.

Kí ọjọ́ náà tó pé, okùn gbọ̀n. Àbúrò Aláǹtakùn ní, "Àgbọ̀nrín, a fẹ́ rí ojú rẹ. Yíjú sọ́tùn-ún." Ewúrẹ́ yíjú sọ́tùn-ún. "Yíjú sósì." Ó yíjú sósì.

"Àgbọ̀nrín, ìgbà wo lo hu irungbọ̀n?"

"Ìrònú ni, ọ̀gá."

"Kí lo sọ?"

"Mẹ́ẹ̀," ni Ewúrẹ́ wí, nítorí ẹ̀rù ti bà á.

Wọ́n já okùn náà mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Òun wá sílẹ̀ gbì, owó ẹní méjìlá dúró sókè.

Ìgbà náà ni ìlú ru. Wọ́n wọ́ Ìjàpá dé iwájú Kìnnìún. Adìẹ sunkún ẹyin. Àgbò fẹ́ kàn án pa. Ewúrẹ́ ò lè sọ̀rọ̀, ó kàn na ọwọ́ sókè ọ̀run, níbi tí owó rẹ̀ wà. Wọ́n ránṣẹ́ pe Òkété kó wá jẹ́rìí pé tòun ni òkìtì ẹyọ ara igbá, ṣùgbọ́n ọ̀sán ni wọ́n jókòó sẹ́jọ́. Ìránṣẹ́ kànkùn títí, ó ní ẹni náà ń sùn.

Ìjàpá dọ̀bálẹ̀. "Kábíyèsí, kí lẹ̀ṣẹ̀ mi? Mo ní èèyàn lè dùbúlẹ̀ kó là. Ẹ wo ilé mi. Ṣé mi ò là ni?"

Ààfin dákẹ́ rọ́rọ́. Kìnnìún fi èékánná họ irun ọrùn. Ó ní kí àwọn olùpẹ̀jọ́ bọ́ síta ná, kí ìgbìmọ̀ bọ́ síta, kí Ìjàpá nìkan dúró. Wọ́n ti ilẹ̀kùn. Àgbò fi etí lé ilẹ̀kùn, ohun tó gbọ́ ni mò ń sọ fún yín.

Kìnnìún ní, "Àwọn ọ̀dọ́ ń yọ wá lẹ́nu lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Bí ààfin bá fẹ́ kó ẹgbẹ̀ta nínú wọn wá gba àṣírí yìí lẹ́ẹ̀kan náà, ká fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní fìlà àti ẹní, ká ya fọ́tò, èló ni?"

Ìjàpá dìde kúrò nílẹ̀, ó gbọn eruku ara.

"Kábíyèsí, iye tí à ń gbà lọ́wọ́ ará ìlú kọ́ là ń gbà lọ́wọ́ ààfin o."

Ó ku ká gbọ́ iye náà ni ìlù ààfin bú jáde:

Lílé: Kábíyèsí, èló ni ká kọ?
Ègbè: Tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́
Lílé: Ṣé ká fi ọ̀kan lé e lórí?
Ègbè: Tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́
Lílé: Ẹyọ tí ń bẹ nílé ìṣúra
Ègbè: Tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́
Lílé: Ìdajì tìẹ, ìdajì tèmi
Ègbè: Tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, tẹ̀ ẹ́