Ológbò Tí Kò Ní Páálí

Nínú gbogbo ẹran ọ̀sìn tí ó ń bá ọmọ ènìyàn gbé, ológbò nìkan ni kò tíì gbà pé ẹnikẹ́ni ni ó ni òun, nítorí pé ajá mọ olúwa rẹ̀, ewúrẹ́ mọ ilé tí wọ́n bí i sí, adìyẹ náà a sì máa padà sí àgò bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ṣùgbọ́n ológbò a máa wá nígbà tí ó bá wù ú, a sì máa lọ láì dágbére. Ìwà yìí ló sọ ọ̀rọ̀ ológbò tí kò lólúwa di ohun tí kì í jẹ́ kí ará òkè òkun àti ará ilé gbọ́ ara wọn yé, pàápàá ní ẹ̀yìn odi Ọ̀yọ́ Aláàfin àti Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí àwọn tí wọ́n ti fi ọgbọ̀n ọdún ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston ti ń ra ilẹ̀, tí wọ́n ń mọ odi yí i ká, tí wọ́n ń gbin káṣú àti máńgòrò sínú rẹ̀, tí wọ́n sì ń bá ológbò mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí wọn kò ránṣẹ́ pè lábẹ́ àká àgbàdo lọ́jọ́ tí wọ́n kó dé. Ará òkè òkun a ní kí wọ́n pe dókítà ẹran. Ará ilé a ní kí wọ́n wá àpò.

Oríṣi méjì ni ológbò bẹ́ẹ̀ pín sí. Èkíní ni ológbò aṣáko, èyí tí ó ti gbé ilé rí, tí ó mọ ohùn ènìyàn, ṣùgbọ́n tí ó sọnù tàbí tí wọ́n lé jáde. Èkejì ni ológbò ìgbẹ́, èyí tí ìyá rẹ̀ bí sínú igbó tàbí ilé àkọ́patì, tí ọwọ́ ènìyàn kò kàn láàárín ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkeje ọjọ́ ayé rẹ̀, torí pé àkókò kúkúrú yẹn ni ọmọ ológbò fi ń pinnu bóyá ènìyàn jẹ́ ọ̀rẹ́ tàbí ọ̀tá, bí ó bá sì ti pinnu tán, ó ṣòro kí ẹnikẹ́ni tó yí i lọ́kàn padà. Aṣáko yóò jókòó sẹ́nu ọ̀nà, yóò máa ké. Ológbò ìgbẹ́ kò ní ké sí ẹnikẹ́ni, ojú rẹ̀ méjèèjì nìkan ni iná tọ́ọ̀ṣì yóò bá lẹ́yìn àgbá omi. Ará òkè òkun tí kò mọ ìyàtọ̀ yìí, tí ó bẹ̀rẹ̀, tí ó na ọwọ́ sí oríṣi kejì, tí ó sì ń fi ohùn tí wọ́n fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún pè é, yóò rí èékánná, ọ̀rọ̀ náà yóò sì di ti abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, àrùn tí ó jẹ́ pé láti ara ajá ni 99 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ti ń dé ara ènìyàn, ṣùgbọ́n tí ológbò náà lè gbé.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ ológbò ti di ọ̀rọ̀ òfin. Láti ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà ọdún 2024, dandan ni kí gbogbo ológbò tí ó bá lólúwa ní ṣíìpù lára kí ó tó pé ọ̀sẹ̀ 20, ṣíìpù sì ni ẹ̀rọ tíńtín tí kò tóbi ju hóró ìrẹsì lọ, tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ tì sábẹ́ awọ láàárín èjìká méjèèjì, tí nọ́ńbà inú rẹ̀ sì ń tọ́ka sí orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tí ó ni ẹran náà. Ẹni tí ó bá kọ̀ lẹ́yìn ìkìlọ̀ lè san owó ìtanràn tí ó tó 500 pọ́n-ùn. Ọdún 2024 yìí kan náà ni ìjọba ibẹ̀ ń mú káàdì ìgbélùú àwọn àjòjì kúrò nílẹ̀, tí èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn dópin ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, tí àkọsílẹ̀ wọn sì bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, débi pé ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí bátìrì fóònù rẹ̀ bá kú kò ní ohun tí yóò yọ jáde lápò, nígbà tí ológbò aládùúgbò rẹ̀ gbé tirẹ̀ sábẹ́ awọ. Èyí tí ó pa ni lẹ́rìn-ín jù ni pé òfin ṣíìpù yìí yọ ológbò ìgbẹ́ àti ológbò oko sílẹ̀, torí pé wọn kì í gbára lé ènìyàn. Ẹni tí ó ti ná owó ọdún mẹ́wàá fún lọ́yà nítorí páálí, bí àwọn ọmọ Yorùbá ìlú òyìnbó ṣe ń pe ìwé ìgbélùú, yóò mọ ìdí tí ó fi yẹ kí ènìyàn jowú ẹ̀dá tí kò ní páálí, tí kò wá páálí, tí òfin fúnra rẹ̀ sì ní kí wọ́n má yọ ọ́ lẹ́nu lórí páálí.

Ìlara náà kò pin síbẹ̀. Lára físà ọ̀pọ̀ àjòjì ni wọ́n kọ ọ́ sí gàdàgbà pé ẹni náà kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan owó ìrànwọ́ ìjọba, ṣùgbọ́n fún ológbò tí kò ní baba ni wọ́n dá ẹgbẹ́ olóore Cats Protection sílẹ̀ láti ọdún 1927, ẹgbẹ́ náà a sì máa wá iṣẹ́ fún ológbò ìgbẹ́ tí kò lè gbé inú ilé, nípa fífi í lé àgbẹ̀ tí eku ń dà láàmú lọ́wọ́. Aṣáko kan tilẹ̀ ti di òṣìṣẹ́ ìjọba: Larry, tí wọ́n mú láti ilé ìtọ́jú ẹranko ní Battersea ní ọdún 2011, ni Olórí Apeku ní ilé olórí ìjọba ní òpópónà Downing, ó sì ti bá olórí ìjọba mẹ́fà gbé, láti orí Cameron dé orí Starmer, láì lọ fún ìbò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ọ̀nà tí àwọn òyìnbó ń gbà bá ológbò ìgbẹ́ lò yẹ fún àlàyé, nítorí pé òun ni ará òkè òkun ń gbé bọ̀ wálé nínú báàgì rẹ̀. Wọ́n ń pè é ní ìmú, ìtẹ̀lọ́dàá àti ìdápadà. Wọn a fi ebi pa ológbò náà fún nǹkan bí ọjọ́ kan, wọn a gbé àgò onírin kalẹ̀, wọn a fi ẹja sadín sí ìkángun rẹ̀, bí ológbò bá sì ti tẹ pátákó tí ó wà nísàlẹ̀, ilẹ̀kùn a ré lulẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀; yóò máa ta gìrì kiri inú rẹ̀ títí wọn yóò fi da aṣọ bò ó, torí pé òkùnkùn ni í mú ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Lọ́dọ̀ dókítà ẹran, wọn a yọ kóró akọ, wọn a yọ ilé ọmọ abo, kí ó tó jí lójú oorun wọn a gé ṣóńṣó etí rẹ̀ kan, etí òsì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹni tí ó bá rí i lókèèrè lè mọ̀ pé wọ́n ti ṣe tirẹ̀, lẹ́yìn náà wọn a dá a padà sí ibi tí wọ́n ti mú un. Ará Ọ̀yọ́ àti ará Ògbómọ̀ṣọ́ kò nílò àlàyé gígùn lórí etí gígé yìí, nítorí ilà ni, ìlú méjèèjì sì ni wọ́n ti ń wo àbàjà tàbí gọ̀ǹbọ́ mọ ọmọ ẹni tipẹ́tipẹ́. Kàyéfì ibẹ̀ ni pé òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2003 ti ní kí ẹnikẹ́ni má kọ ilà fún ọmọ mọ́, èyí tí ó fi hàn pé bí ilà ṣe ń kúrò lójú ọmọ Yorùbá ni ó ń bọ́ sí etí ológbò òyìnbó.

Kì í ṣe gbogbo òyìnbó ni ó fara mọ́ ìmú, ìtẹ̀lọ́dàá àti ìdápadà yìí. Ní ọdún 2013, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà ṣírò pé ẹyẹ tí ológbò ń pa lọ́dọọdún ní orílẹ̀-èdè náà tó bílíọ̀nù 1.3 sí bílíọ̀nù 4, tí àwọn tí kò lólúwa ni ó sì ń pa èyí tí ó pọ̀ jù. Australia ní tirẹ̀ kéde ní ọdún 2015 pé òun fẹ́ pa mílíọ̀nù méjì ológbò ìgbẹ́ kí ọdún 2020 tó pé. Ítálì, lódìkejì, ti fi òfin dáàbò bò wọ́n láti ọdún 1991.

Nílé, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń bi ológbò ni iṣẹ́ tí ó mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹni tí ó bá wọ ìsọ̀ àwọn oníhóró ní ọjà Àkẹ̀sán l'Ọ́yọ̀ọ́ tàbí ní Ọjà Igbó ní Ògbómọ̀ṣọ́ lè bá a níbi tí ó jókòó sí lórí àpò ẹ̀wà tí wọ́n tò kan àjà, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ lọ́rùn rẹ̀, tí wọ́n so ìdí okùn náà mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì. Kò ní orúkọ ju Músù lọ, orí pańla àti èérún ẹ̀kọ ni owó oṣù rẹ̀, bí ó bá sì di òru tí wọ́n tú okùn rẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í kọ́ ọ ní ohun tí yóò ṣe. Oníhóró mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí eku jẹ ni ó ń fa àdánù jù, bí kò ṣe ìdí àpò tí ó dá lu, tí ẹ̀wà sì dà sílẹ̀, àti ìtọ̀ tí ó tọ̀ sórí ìyókù. Ìtọ̀ yìí gan-an ni ọ̀ràn wà, torí pé láti inú oúnjẹ tí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ eku ti bà jẹ́ ni ibà Lassa ti ń ran ènìyàn, àrùn tí wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ ní ọdún 1969 tí wọ́n sì fi orúkọ ìlú Lassa ní ìpínlẹ̀ Borno pè, eku tí ó sì ń gbé e kiri ni èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Mastomys natalensis, tí ọmú rẹ̀ pọ̀ ju ti àwọn eku yòókù lọ. Nínú ìmọ̀ràn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ń fún àwọn ìdílé lórí àrùn yìí, lẹ́yìn dídé oúnjẹ dáadáa àti dída ilẹ̀ nù jìnnà sílé, ológbò sísìn wà níbẹ̀. Màmá oníhóró ti ń tẹ̀lé ìmọ̀ràn Geneva, níbi tí àjọ náà fìdí kalẹ̀ sí, kí Geneva tó ronú kàn án.

Ìbẹ̀rù ológbò náà wà nílé, kò sì yẹ kí a fi pamọ́. Ológbò tí ó bá ké bí ọmọ ìkókó lóru yóò mú kí wọ́n gbàdúrà nínú ilé mẹ́ta, bí ó bá sì dúdú, wọn a gba ààwẹ̀ kún un. Ará òkè òkun tí èyí ń pa lẹ́rìn-ín lè gbàgbé pé ní ìlú Ypres ní Belgium, láti orí ilé ìṣọ́ gíga ni wọ́n ti ń ju ológbò láàyè sílẹ̀ títí di ọdún 1817, ó kéré tán Yorùbá kò gun ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì nítorí ológbò. Ìbẹ̀rù yìí tilẹ̀ ń gbà á lọ́wọ́ ikú, torí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ológbò wà lọ́wọ́ wọn, nítorí náà àpò ni wọ́n ń fà yọ: wọn a ki ológbò sínú rẹ̀, wọn a so ẹnu rẹ̀, kí ó má baà mọ ọ̀nà àbọ̀, wọn a sì gbé e sọ sí ọjà ìlú mìíràn. Àléébù ètò yìí ni pé bí ará Ọ̀yọ́ ṣe ń gbé tirẹ̀ lọ sí Ìlọrà ni ará Ìlọrà ń gbé tirẹ̀ bọ̀ l'Ọ́yọ̀ọ́, ó sì ṣeé ṣe kí àwọn àpò méjèèjì pàdé lójú ọ̀nà. Èyí tí ó burú ju àpò lọ ni májèlé eku tí àwọn alákiri ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn polówó, nítorí eku tí ó jẹ ẹ́ a máa táàkà lọ kí ó tó kú, ológbò a rí i bí ẹran tí kò lè sáré, a gbé e jẹ, òun náà a kú, eku tí ó ṣẹ́ kù, tí ó sì ń bímọ kíá ju ológbò lọ, ni yóò wá jogún àká.

Àárín ìwà méjì yìí, ti òyìnbó àti ti ilé, ni ará òkè òkun ń dé sí, pẹ̀lú agolo oúnjẹ ológbò nínú àpótí àti orúkọ bíi Charlie lẹ́nu. Ògbómọ̀ṣọ́ kò ṣàìmọ ẹni tí ó ti àjò dé, nítorí pé nígbà tí ìjọba Busia, olórí ìjọba Gáná, pàṣẹ ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969 pé kí àwọn àjòjì tí kò ní ìwé kúrò ní Gáná, àwọn ọmọ ìlú náà tí ó padà wálé pọ̀ gan-an, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó gbọ́ pé wọ́n bá ológbò sọ̀rọ̀. Ìyá àgbà tí ó bá gbọ́ ẹ̀gbọ́n Lọ́ńdọ̀nù tí ó ń ké sí Charlie yóò kọ́kọ́ béèrè bóyá wọ́n ti ṣe ìtẹ̀bọmi fún un, ìbéèrè tí ó bójú mu ní ìlú tí ilé ẹ̀kọ́ àwọn oníwàásù Onítẹ̀bọmi tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1898 wà, lẹ́yìn náà ni yóò sọ pé, "Ẹ má fi sadín bà á jẹ́ o, ológbò tó bá yó kì í pa eku." Ìdajì òótọ́ ni Màmá sọ. Ológbò tí ó yó ṣì ń dẹ̀gbẹ́, nítorí kì í ṣe ebi nìkan ni ó ń lé e dé ìdí eku, ṣùgbọ́n ìwádìí tí Yunifásítì Exeter gbé jáde ní ọdún 2021 fi hàn pé oúnjẹ tí ẹran pọ̀ nínú rẹ̀ dín ẹran tí ológbò ń pa bọ̀ wálé kù ní ìdá 36 nínú ọgọ́rùn-ún, àti pé bíbá a ṣeré fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá lójúmọ́ dín in kù ní ìdá 25. Ẹni tí ó ní àká àgbàdo kò gbọdọ̀ bá ológbò rẹ̀ ṣeré.

Ohun tí ó lè ṣiṣẹ́ nínú ọgbà ará òkè òkun kò jọ ti òyìnbó tàbí ti ará ilé tán. Ológbò méjì tàbí mẹ́ta ni kí wọ́n fi sílẹ̀, kí wọ́n máa fún wọn ní oúnjẹ díẹ̀ lójú kan náà ní ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n lè máa kà wọ́n, kí wọ́n fi nẹ́ẹ̀tì onírin yí ilé ọ̀rọmọdìyẹ ká, nítorí ológbò kò mọ ìyàtọ̀ láàárín eku àti ọmọ adìyẹ ọlọ́jọ́ kan, kí wọ́n sì fún wọn ní abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Èyí tí wọ́n bá mú wá láti ibòmíràn, inú ilé títì ni kí ó wà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí ó tó mọ̀ pé ibẹ̀ ni ilé. Ìtẹ̀lọ́dàá ni kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀, nítorí abo lè lóyún kí ó tó pé oṣù mẹ́fà, oyún rẹ̀ kò sì ju oṣù méjì àti ọjọ́ díẹ̀ lọ. Fákọ́tì ìmọ̀ ìṣègùn ẹran wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ gbé ológbò ìgbẹ́ wọ bọ́ọ̀sì láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ síbẹ̀ yóò gbọ́ ohun tí àwọn èrò yóò sọ kí ọkọ̀ tó kúrò ní gáréèjì, nítorí náà ó sàn kí ó bẹ dókítà tí ó ń tọ́jú adìyẹ ládùúgbò kí ó ya ilé rẹ̀, kí ó sì dá àgò méjì, kì í ṣe ẹyọ kan, sílẹ̀ dè é.

Ará òkè òkun kì í sábà dúró di ọjọ́ tí dókítà yóò dé. Ọjọ́ tí yóò rí dókítà tirẹ̀ ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù ti pé, ọkọ̀ òfurufú kò sì mọ ti ológbò, ó fi Charlie lé ẹ̀ṣọ́ ilé lọ́wọ́, ó sì ń pè é lórí WhatsApp ní gbogbo ọjọ́ Àìkú láti béèrè ológbò kí ó tó béèrè bóyá òrùlé ń jò. Ẹ̀ṣọ́ a dáhùn pé, "Ẹ̀gbọ́n, Charlie wà o, kò ṣe nǹkan kan," títí di ọjọ́ tí ó fi fọ́tò ránṣẹ́ láti abẹ́ ibùsùn yàrá àlejò, Charlie nà gbalaja, ọmọ mẹ́rin lẹ́nu ọmú rẹ̀, àti nọ́ńbà àkáǹtì ẹ̀ṣọ́ nísàlẹ̀ fún owó sadín.